Àrùn Marfan àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Li ọdún 1896, ní ìlú Párísì, oníṣègùn Antoine Marfan sọ ti ọmọdébìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tí ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì gùn rékọjá. Àrùn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè jẹ́ àbùkù nínú ohun tí ó so ara ènìyàn pọ̀; a sábà máa ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba tàbí ìyá. Gígùn ìka kò pa ẹnikẹ́ni. Iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn ni ewu wà: a máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì lè ya lójijì, àwọn ará ilé a sì wí pé ayé ni ó ṣe é.

Li ọdún 2006, Hal Dietz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore fi losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, fún àwọn èkúté tí ó ní àrùn náà, iṣan wọn kò sì fẹ̀ bí ti ìṣáájú mọ́. Ìrètí pọ̀, ṣùgbọ́n èkúté kì í ṣe ènìyàn. Li ọdún 2014, lẹ́yìn tí a fi ọdún mẹ́ta dán an wò lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ 608, losartan kò sàn ju atenolol, oògùn àtijọ́, lọ. Síbẹ̀ làálàá náà kò já sí asán: àkójọ ìdánwò púpọ̀ li ọdún 2022 fi hàn pé irú oògùn bí losartan ń dín ìyára fífẹ̀ iṣan náà kù tó ìdajì.

Bí ọmọ bá ga tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́nà yìí, tí ojú sì ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí tí ìbátan rẹ̀ kú lójijì, ẹ mú un lọ kí dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe ra losartan fún ara yín. Aboyún kò sì gbọdọ̀ lò ó rárá, nítorí ó lè pa ọmọ inú lára.