Nọ́ńbà 9 Kò Dá Omi Dúró

Lẹ́tà kan wọlé sí mi lọ́wọ́ láti Peckham lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá ọmọ kan ló kọ ọ́. Ó ra pátákó sìkéètì fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò sì tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí táyà rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro lójú títì. Ẹni tó tà á fún wọn ti fọwọ́ sọ̀yà pé ABEC 9 ni bíárìn rẹ̀, pé òjò London ò lè rí i gbé ṣe. Nígbà tí màmá gbé e padà lọ, ọ̀gbẹ́ni náà ní kí wọ́n san póùn 15 kí òun bá wọn sọ ọ́ di tuntun. Wọ́n san án. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, igbe tún bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ mi ló ń bà á jẹ́ ni, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ?"

Màmá, méjèèjì ni. Ọmọ ń bà á jẹ́, wọ́n sì tún rẹ́ yín jẹ.

Mi ò ní í fi àkókò ṣòfò lórí pátákó fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i: igi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele 7, irin méjì lábẹ́ rẹ̀, táyà mẹ́rin, àti bébà oníyanrìn lókè tí bàtà fi ń dì í mú. Ohun tí kò hàn sójú ni bíárìn 8 tó wà nínú táyà, méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹni tó bá dàgbà sí àdúgbò Mọ́kọlá bíi tèmi mọ bíárìn dáadáa. Èyí tí mẹkáníìkì bá sọ nù la máa ń ṣà, a ó gbá a mọ́ pákó, a ó sì máa gùn ún bọ̀ láti orí òkè títí ìyá ẹnìkan á fi yọ sí wa pẹ̀lú ọmọ orógùn lọ́wọ́. Ti sìkéètì kéré ju ìyẹn lọ. Nọ́ńbà 608 ni wọ́n ń pè é: ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ó fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì nípọn ní mìlímítà 7. Òrùka kékeré wà nínú òrùka ńlá, àwọn bọ́ọ̀lù irin, tó sábà máa ń jẹ́ 7, sì ń yí láàárín wọn. Òrùka kékeré jókòó sórí ọ̀pá, kì í kúrò lójú kan. Òrùka ńlá ló ń bá táyà yí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sídìí rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ tú irọ́ ABEC. Orúkọ ìgbìmọ̀ àwọn ẹnjiníà bíárìn kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 1, 3, 5, 7 àti 9 tó ń tẹ̀ lé e ń sọ bí ìwọ̀n òrùka ṣe péye tó, àti bó ṣe ń yí láìmì. Ó tán. Kò sọ irú irin tí wọ́n fi ṣe é, kò sọ bóyá ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀ tàbí gíríìsì, omi ò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí 9 bá mu omi, á dípẹtà bíi ti 3. Ti eré sísá ńkọ́? Táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 54 ń yí bí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan bí ọmọ bá ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan. Irú bíárìn 608 kan náà, nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, lè yí ju ìgbà 30,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kí wá ni ọmọ ọdún 13 fẹ́ fi 9 ṣe? Bones, tó ń ṣe bíárìn fún àwọn onísìkéètì, kì í tilẹ̀ kọ ABEC sára tiẹ̀. Ẹni tó ń pariwo 9 sí yín létí, nọ́ńbà ló ń tà.

Ó kan ìdérí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bíárìn, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ tàbí rọ́bà tó bo àwọn bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó dà bí ìdérí ìgò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Etí rẹ̀ lóde há mọ́ òrùka ńlá pinpin, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ nínú kì í sábà kan òrùka kékeré. Àlàfo tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ ni, torí bí ìdérí bá ń ha òrùka, táyà ò ní í yí fàlàlà. Yanrìn ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìdérí. Òkúta wẹ́wẹ́ ò gba ibi tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá, ó dúró síta. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tiwa yìí ti lanu láti ilé-iṣẹ́ wá.

Àwọn onísìkéètì máa ń sọ fún mi pé, "Àlàfo yẹn ti kéré jù fún omi." Òdìkejì ni. Ẹ rántí òwú àtùpà. Kẹrosíìnì wà nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fà á, síbẹ̀ ó ń gun òwú lọ sókè, torí àyè tóóró tó wà láàárín àwọn fọ́nrán òwú ló ń fà á mọ́ra. Bí àyè bá ṣe tóóró sí ni omi ṣe ń wọ ọ́ sí. Àlàfo tó lé yanrìn padà gan-an ló ń fọwọ́ pe omi wọlé. Ìdí nìyí tí gbígba inú omi tó dúró sójú títì kọjá lẹ́ẹ̀kan péré fi tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Omi wọlé tán, ó kù kó jáde. Lọ́mọdé, ẹ ti pọn omi sínú korobá rí, tí ẹ wá ń fi apá jù ú yípo yípo, tí omi ò sì dà sí yín lórí. Ìdí korobá ló lẹ̀ mọ́. Òrùka ńlá inú táyà ń yí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Omi tó bá wọlé ń sá lọ lẹ̀ mọ́ ọn, sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí ìdérí ti há pinpin. Ẹnu ọ̀nà wà nítòsí àárín, omi wà ní ìkángun yàrá. Bí ọmọ ṣe ń sáré kí ó lè "gbọ̀n omi dànù", bẹ́ẹ̀ ló ń tì í wọnú lọ.

Ọmọ délé, ó gbé pátákó tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Omi sọ̀ kalẹ̀, ó péjọ síbi tí bọ́ọ̀lù ti fara kan òrùka. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún irin tí wọ́n sábà fi ń ṣe bíárìn, kírómíọ̀mù ò ju bí 1.5 lọ, irin tí kì í dípẹtà ń fẹ́ ju 10 lọ. Líle ni wọ́n wá nínú irin yẹn, wọn ò wá ìfaradà omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọ̀ pupa rúsúrúsú lè ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà òtútù ni ó burú jù, torí ìjọba ìbílẹ̀ níbí ń da iyọ̀ sójú títì kí omi má baà dì. Omi tó ń ta sí táyà lóṣù Kejìlá kì í ṣe omi òjò lásán mọ́. Ẹni tó bá ti gbàgbé ọ̀bẹ sínú omi iyọ̀ mọ́jú mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọ̀ pupa yẹn gan-an kọ́ ni ìṣòro, kòtò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ìpẹtà ti jẹ lára irin, bọ́ọ̀lù á máa kọsẹ̀ sínú kòtò, á tún máa jáde. Igbe tí màmá ń gbọ́ nìyẹn. Ẹ lè fọ àwọ̀ pupa kúrò títí bíárìn á fi máa dán bíi dígí. Kòtò ò bá a lọ.

Ẹ wá rí ohun tí póùn 15 yín rà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn fín WD-40 sí i, ó nù ún, ó yí i lójú yín, ó dákẹ́. Lílé omi ni WD inú orúkọ yẹn ń tọ́ka sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń fọ gíríìsì tó wà nínú bíárìn dànù pẹ̀lú, ó sì tinrin jù láti dúró dípò rẹ̀. Ẹni tó bá fín in tí kò kán ọ́ìlì tẹ̀ lé e ti fi irin sílẹ̀ lásán. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ kà yẹn ò yà mí lẹ́nu. Mo ti rí àwọn tó burú jù ú lọ: wọ́n á gba bíárìn tó ti pọ́n lọ́wọ́ ọmọ kan, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ìdérí tuntun bò ó, wọ́n á tà á fún ọmọ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ ti ìka bọ ihò rẹ̀, ẹ rọra yí i. Èyí tó bá ń gbọ̀n sí ìka yín bíi kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà oníkòtò, ẹ dá a padà. Àwọn kan á tún ní kí ẹ fowó kún un fún èyí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ṣe irin. Òótọ́ ni pé bọ́ọ̀lù yẹn ò ní í dípẹtà, ṣùgbọ́n irin ni òrùka rẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Fún ẹni tí tiẹ̀ rẹ omi lónìí tí kò tíì dún: ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ yọ táyà, ẹ yọ bíárìn, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tú ìdérí rọ́bà láti etí inú. Ẹ kó wọn sínú ìgò kékeré pẹ̀lú sípírítì tó mọ́, ẹ mì í, ẹ kó wọn jáde, kí wọ́n gbẹ délẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì, ẹ̀kán kan tàbí méjì...

Ẹ dúró ná. Ọmọ kan sọ fún mi pé pẹtiróòlù ni òun fi ń fọ tòun, nínú kíṣìnnì, nígbà tí ìrẹsì wà lórí iná. Mẹkáníìkì Mọ́kọlá ń ṣe é, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni wọ́n wà. Ẹ má gbé pẹtiróòlù wọlé. Sípírítì náà ń gbiná: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jìnnà sí ìdáná. Ẹ má sì gbé pátákó tó rẹ omi lé orí ẹ̀rọ amúlégbóná. Etí igi yẹn ti mu omi, ooru òjijì á ká a kò, ìpele rẹ̀ á máa ṣí. Ẹ nù ún, ẹ fi lélẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Kí n kúkú sọ gbogbo rẹ̀, torí kì í ṣe bíárìn nìkan ni òjò ń ṣe ní jàǹbá. Ọ̀dà funfun ojú títì àti ìdérí irin ihò ilẹ̀ ń yọ̀ bí ilá nígbà òjò, òtútù sì tún ń mú kí táyà le sí i. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yọ̀ lórí irú irin bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ gbélẹ̀, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ dá. Ó wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Kò wọ ìdáàbòbò ọrùn-ọwọ́, torí wọ́n ní kò wu ojú. Ti aṣọ, jíǹsì ni gbogbo wọn ń wọ̀, jíǹsì ló sì burú jù. Òwú ń mu omi, kì í tètè gbẹ, omi á sì gba ipò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó yẹ kó mú ara móoru. Súẹ́tà irun àgùntàn sàn jù ú lọ, kódà bó tutù. Bàtà sìkéètì kì í sábà dá omi dúró, àfi kí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn, kó fi ọ̀rá búrẹ́dì bọ ẹsẹ̀, kó tó ki bàtà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó ń ṣiṣẹ́.

Bí òjò bá ń rọ̀, tí ọmọ ò sì gbà láti jókòó sílé, abẹ́ Queen Elizabeth Hall ní South Bank ní òrùlé, àwọn onísìkéètì sì ti ń lò ó láti 1973. Àwọn alábòójútó ibẹ̀ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2013. Àwọn onísìkéètì bá wọn fà á títí tọ̀tún-tòsì fi ṣàdéhùn ní 2014 pé kò sẹ́ni tó máa lé àwọn onísìkéètì. Kí ọmọ fi ọwọ́ gbé pátákó dé ibẹ̀, kó má gùn ún.

Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀ mọ́ lórí bíárìn yẹn. Wọ́n sọ fún yín pé òjò ò lè mú un, òjò sì mú un. Ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu, òfin ọjà rírà ti 2015 nílẹ̀ yìí fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá a padà gba gbogbo owó yín. Lẹ́tà yín sọ pé ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá lẹ rà á. Ẹ mú rìsíìtì, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ọjọ́ 30 náà tó pé.