Bí Ọmọ Kòkó Bá Ń Rọ Lẹ́yìn Tí A Gbìn Ín Sí Oko

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé owó gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ kòkó ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ní ìgbà òjò kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí a ń bẹ̀wò ní agbègbè Ìgbógìlà yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lówó láti fi ra ọmọ kòkó. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní 2024, iye tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là, ohun tí ojú kò rí rí, àwọn tí wọ́n ti fi oko kòkó baba wọn sílẹ̀ fún igbó sì tún gbé àdá. Iye náà ti wálẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n igi ti wà nílẹ̀, gbèsè rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n gbìn wọ́n, ìròyìn kàn wá pé ọmọ kòkó ń kú lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí a dé ìpàdé, ilé ti gbóná. Àwọn kan ní ẹni tí ó tà á fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ. Àwọn kan ní kí á fa gbogbo rẹ̀ tu, kí ẹgbẹ́ sì tún yọ owó láti ra òmíràn. Bàbá àgbà kan ní tirẹ̀ dìde, ó ní, “Ẹ má tíì fà á tu o. Ṣé ẹ ti bi igi náà pé kí ló ń ṣe é?” Alága wá kọjú sí wa, ó ní, “Ọ̀gá, kí ni ká ṣe?” A ní kí á kọ́kọ́ dé oko ná.

OHUN TÍ Ó Ń ṢE É

Nígbà tí ọmọ kòkó wà nínú ọ̀rá, lábẹ́ ìbòji, ìgbẹ́sí ayé ìrọ̀rùn ni ó ń gbé. A ń bu omi fún un, oòrùn kì í pa á. Ní ọjọ́ tí a bá gbé e lọ sí oko, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mu omi a já lára rẹ̀, àwọn tí ó sì kù kò tíì wọ inú ilẹ̀ titun. Síbẹ̀ ewé rẹ̀ pé pérépéré lókè, oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì ń fa omi jáde lára wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Gbòǹgbò ni ó ń pawó, ewé ni ó ń náwó. Bí ìnáwó bá ju owó tí ń wọlé lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí í gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ewé fi ń rọ, tí etí rẹ̀ ń jó, tí ó sì ń já bọ́. Kì í ṣe àrùn. Bí a bá wá fẹ́ gba irú igi bẹ́ẹ̀ là, ohun méjì péré ni a ní í ṣe: kí á dín ohun tí ewé ń ná kù, kí á sì fún gbòǹgbò ní àyè láti tún ara rẹ̀ ṣe.

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ BÓYÁ Ó ṢÌ Ń BẸ LÁÀYÈ

Èkíní, ẹ má fi ọ̀sán dá igi lẹ́jọ́. Ẹ lọ wò ó ní ìdájí. Bí ewé tí ó sorí kọ́ lọ́sàn-án bá ti gbé orí sókè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òùngbẹ lásán ni, kì í ṣe ikú.

Èkejì, ẹ fi èékánná họ èèpo igi náà díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè, bí kò tilẹ̀ ku ewé kan lórí rẹ̀. Bí ó bá gbẹ tí ó sì dúdú, ẹ họ ọ́ nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i títí ẹ ó fi bá ibi tí ó tutù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ṣi ewé titun mọ̀ fún ewé aláìsàn. Ewé titun kòkó sábà máa ń pọ́n, ó sì máa ń sorí kọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó le. Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ fi irú ewé bẹ́ẹ̀ hàn wá pẹ̀lú omijé lójú. A ní, “Ìyá, ẹ rẹ́rìn-ín. Èyí ti gbádùn.”

OHUN TÍ A BÁ NÍNÚ OKO

Oko mẹ́ta ni a yà sí, ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò sì rí bákan náà. Ní oko kìíní, wọ́n ti ro ilẹ̀ náà mọ́ lóló, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kò sí igi kan tí ó lè ṣíji bo kòkó. Oòrùn ní í jó o. Ní oko kejì, a fi ọwọ́ tú ìdí igi kan wò, a sì bá ọ̀rá lára rẹ̀. Àwọn alágbàṣe kò bọ́ ọ kí wọ́n tó rì í mọ́lẹ̀. Gbòǹgbò igi náà wà nínú àpò, kò ríbi gbà.

Oko kẹta ni ó dùn wá jù. Ẹni tí ó ni ín rí i pé ewé ń rọ, ó sáré ra ajílẹ̀ òyìnbó, ó sì bù ú sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó rí: bí ó bá pọ̀ ní ìdí gbòǹgbò tí ó ti fara pa, òun gan-an ni yóò máa fa omi jáde lára rẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ GBÀ Á LÀ

1. Ẹ ṣe ìbòji fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gún imọ̀ ọ̀pẹ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n nípọn jù ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, nítorí oòrùn ọ̀sán ni ó burú jù. Ẹ má bò ó pátápátá; ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀.

2. Bí òjò bá dá, ẹ bomi rin ín ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí omi lè wọlẹ̀ dé ìdí gbòǹgbò. Kí ẹ tó tún bu omíràn, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò tí omi bá mù a jẹrà, ewé igi bẹ́ẹ̀ a sì máa rọ bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Níbi tí omi bá ti dúró, ẹ la ojú ọ̀nà fún un.

3. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ara igi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ikán àti ìjẹrà má ba à dé ara rẹ̀.

4. Bí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá ṣófo, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Bí ọ̀rá bá wà lára rẹ̀, ẹ fi abẹ là á ní ẹ̀gbẹ́, ẹ fà á jáde láìmi igi. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ má hú u láti tún un gbìn. Ìṣípò kejì ni í pa èyí tí èkíní kò pa.

5. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan títí ewé titun yóò fi yọ tí yóò sì le. Ẹni tí ó bá ti bù ú síbẹ̀, kí ó gbá a kúrò, kí ó sì da omi púpọ̀ sí i kí ó lè ṣàn lọ.

6. Bí orí rẹ̀ bá ti kú ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ tutù, ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e díẹ̀ lókè ibi tí ó tutù. Yóò tún yọ. Nígbà tí ó bá yọ, ẹ fi ẹyọ kan tí ó lágbára jù sílẹ̀, ẹ gé ìyókù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní sùúrù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

KÍ Ó MÁ BA À ṢẸLẸ̀ LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I

Ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ṣáájú, kí ó ti ní ewé kí kòkó tó dé. Ọmọ kòkó tí ó ti pé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọ̀rá ni kí ẹ gbìn. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ máa dín ìbòji rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè mọ́ ọn lára. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, kí ó lè múlẹ̀ kí ọ̀dá kúkurú oṣù Kẹjọ tó dé, àti kí ẹ̀ẹ̀rùn gan-an tó wọlé ní oṣù Kọkànlá. Ọ̀rá ni kí ẹ fi gbé e, ẹ má fi ọrùn igi gbé e. Bí a bá fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 gbìn ín, éékà kan yóò gba nǹkan bí 435. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin ọgọ́rùn-ún, kí ó tọ́jú mẹ́wàá sí i pamọ́ fún ìdípò èyí tí ó bá kú.

Ní ti ẹgbẹ́ tí a ń sọ, wọn kò yọ owó mìíràn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti dúró fún oṣù kan, kí akọ̀wé sì ka igi oko kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a padà lọ, oko kìíní àti èkejì ti ń yọ ewé, àlàfo díẹ̀ ni ó kù láti dí. Ní oko kẹta, èyí tí ó pọ̀ jù ni ó lọ. Gbèsè ọkùnrin náà wà síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ sún ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ síwájú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un nínú ọmọ kòkó tí wọ́n fi pamọ́.

Bí wọ́n bá ti fa gbogbo rẹ̀ tu ní ọjọ́ ìpàdé yẹn, gbèsè méjì ni wọn ì bá máa san lórí oko kan, èso rẹ̀ ì bá sì tún pẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ewé bá rọ, kí á kọ́kọ́ dé oko, kí á họ èèpo igi wò, kí á tó ṣí àpótí owó. Kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wa o.