Ẹ̀dà fáìlì yín wà lórí Drive? Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, mo pàdánù ohùn bàbá onílù kan tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún wákàtí méjì. Bàbá ti ṣaláìsí báyìí, kò sí bí mo ṣe lè padà lọ bá wọn. Olè kọ́ ló jí i, kọ̀ǹpútà mi ò sì bàjẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́, torí mo rò pé mo ní backup.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ti so folder tí mo ń kó iṣẹ́ sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́ Google Drive. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kún, mo pa àwọn fáìlì ńláńlá rẹ́, mo ní wọ́n ṣáà wà lórí Drive. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo bá pa rẹ́ níbí, Drive á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún náà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa ń lò nínú Trash, lẹ́yìn ìyẹn, ó ti lọ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó wá a.

Ṣé ẹ rí i, sync kì í ṣe backup. Sync dà bíi dígí: tẹ́ ẹ bá kúrò níwájú ẹ̀, kò sí yín nínú ẹ̀ mọ́. Backup ní tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà tó dá dúró. Ohun tó bá ṣe fáìlì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kàn án.

Àwọn ńláńlá náà ti kó sí i rí. Ní 1998, nígbà tí Pixar ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnì kan tẹ àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, ni fíìmù bá bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Wọ́n sáré lọ síbi backup, wọ́n bá a pé kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀dà tó wà nílé Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá níbi iṣẹ́ náà, ló kó wọn yọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ látilé.

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní 3-2-1. Ẹ ní ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ibi ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn wà níbòmíràn. Bí àpẹẹrẹ: èyí tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù, èyí tó wà lórí hard disk tí ẹ̀ ń kì bọ̀ ọ́, àti èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ìyá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó hard disk àti láàpútọ́ọ̀pù sínú báàgì kan náà. Ẹni tó bá já báàgì yín gbà ní Òṣòdì ti kó méjèèjì lọ nìyẹn.

Kò le rárá. Windows ní File History, Mac ní Time Machine. Tẹ́ ẹ bá ti ki hard disk bọ̀ ọ́, tí ẹ sì tò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á máa dá iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́.

Ní ti àyè, 15 GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló sì jọ ń pín in. Tó bá kún, fáìlì tuntun ò ní wọlé mọ́. Torí náà, fíìmù tí ẹ lè tún wà jáde, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tí ẹ ò lè rí mọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú: fọ́tò ẹbí, ohùn, project, sàtífíkéètì. Ẹ kọ ọjọ́ sára folder kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má sì pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi ṣí tuntun wò.

Ṣíṣí yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Backup tí ẹ ò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Ní gbogbo Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń mú fáìlì kan níbẹ̀, màá ṣí i.

Nínú wákàtí méjì bàbá onílù, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan lórí WhatsApp nígbà náà. Ibi mẹ́ta ló wà báyìí.