Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ohun tí Ó Ń Gbé Iṣẹ́ Oníṣẹ́-Ọnà Aládàádúró Ró Láwùjọ Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ohun tí ó ń mú kí iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà aládàádúró tọ́jọ́. Ìtàn Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀ àti Moses Ọláìyá ni ó fi ṣe àtẹ̀gùn. Ó fi hàn pé ẹ̀bùn nìkan kò tó: òǹwòran tí ń sanwó, ẹgbẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àti òfin tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ni ààrò mẹ́ta tí ìkòkò náà dúró lé.

Ìfáárà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ pé òun fẹ́ di òṣèré, ayàwòrán tàbí akéwì, èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé kí ó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Òbí ń bẹ̀rù pé ebi yóò pa ọmọ. Olùkọ́ ń bẹ̀rù pé ọmọ ń sá fún ìwé. Ìbẹ̀rù yìí ní ìdí. Oníṣẹ́-ọnà aládàádúró ni ẹni tí kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ kankan. Ohun tí ó bá fi ọpọlọ àti ọwọ́ ṣe ni ó ń tà fún ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá dá, owó dá nìyẹn.

Síbẹ̀, mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n sọ eré oníṣe Yorùbá di iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun, ìyẹn Ògúndé, Ògúnmọ́lá àti Ládípọ̀, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe bóyá iṣẹ́-ọnà jẹ́ iṣẹ́, bí kò ṣe ohun tí ó ń gbé e ró.

Orírun Iṣẹ́-Ọnà Aládàádúró

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. J. A. Adédèjì, nínú ìwádìí rẹ̀, tọ́ka sí i pé inú egúngún ni eré alárìnjó ti jáde, tí ó sì gba ààfin Ọ̀yọ́ Ilé kọjá kí ó tó di ohun tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ àti àwọn ààfin mìíràn ní agbègbè náà. Ẹni tí ó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni ó ń ṣe é fún, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń bá a ṣe é.

Ohun kan so àwọn wọ̀nyí pọ̀: kò sí ẹni tí ó dá nìkan ṣe é. Fún onílù, fún eléégún aláré, ìdílé ni iléèwé, ìdílé ni ẹgbẹ́, ìdílé náà ni ó sì ń pa àṣírí iṣẹ́ mọ́. Nígbà tí iṣẹ́ olówó oṣù dé lábẹ́ ìjọba amúnisìn, tí ọmọ ẹni tí kò ti inú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wá sì fẹ́ máa fi iṣẹ́-ọnà jẹun, òun fúnra rẹ̀ ni yóò to ààrò rẹ̀.

Ààrò Kìn-ín-ní: Òǹwòran tí Ń Sanwó

Ọ̀sọsà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé ní 1916. Ó ṣe olùkọ́, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ni ó ṣì jẹ́ ní 1944 nígbà tí ó gbé eré kan kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó láti fi kówó jọ fún ìjọ Aládùúrà kan. Èrò wọ́ tìtì. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé eré jáde lórí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún náà. Ọdún 1946 ni ó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀.

Ó yẹ kí a kíyè sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ léra. Kì í ṣe pé Ògúndé ju owó oṣù nù kí ó tó wá òǹwòran. Ó ti mọ̀ pé àwọn ènìyàn yóò sanwó wo eré òun kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìgboyà ni, ṣùgbọ́n ìgboyà tí a ti wọ̀n wò ni.

Òǹwòran kan ṣoṣo kò sì tó. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú, òfin náà kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1966. Agbègbè tí èdè eré rẹ̀ ti múlẹ̀ jù lọ ni wọ́n tì mọ́ ọn. Òfin náà kò ká Èkó mọ́, nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni Èkó nígbà náà. Oníṣẹ́-ọnà tí ọjà kan ṣoṣo ni ó ń ná, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọjà náà ni ebi dé.

Ààrò Kejì: Ẹgbẹ́ tí Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tí Ògúndé ń múra eré Tiger's Empire ní 1946, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin òṣèré tí òun yóò máa sanwó fún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú tíátà Yorùbá tí a kéde obìnrin gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì ń bá a ṣeré. Ìdílé tí iṣẹ́ olówó oṣù ti gbà lọ́wọ́ iṣẹ́-ọnà ni ó tún kọ́. Ọ̀nà náà bá ìgbà rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ní àléébù: ẹgbẹ́ tí ó bá dúró lórí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú ewu ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ.

Òṣogbo fi ọ̀nà mìíràn hàn. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibùdó àṣà tí wọ́n ń pè ní Mbárí Mbáyọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ọba Kò So ní 1963, eré tí ó dé Berlin ní 1964. Níbẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ayàwòrán. Àwọn tí wọ́n ń bá Ládípọ̀ ṣeré wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ: Twins Seven-Seven ń jó lórí ìtàgé, Jimoh Buraimoh ń mójú tó iná tíátà, Mùráínà Oyèlámì ń ṣeré. Gbogbo wọn di ayàwòrán tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ibi ìpàdé kan fún oníṣẹ́ ní iṣẹ́ kejì, nígbà tí ti àkọ́kọ́ kò tó jẹ.

Ìmọ̀ náà kò sì dúró sọ́dọ̀ wọn. Ní 1983, Níkẹ Davies-Òkúndáyé dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́-ọnà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti Ògúnmọ́lá, yunifásítì Ìbàdàn ni ó ràn án lọ́wọ́: ó lo oṣù mẹ́fà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré oníṣe níbẹ̀ ní 1962, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí sì jáde ní 1963. Èyí fi hàn pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè jẹ́ ara ẹgbẹ́ tí ń gbé oníṣẹ́-ọnà ró.

Ààrò Kẹta: Òfin àti Àdéhùn

Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sàlá, ní òǹwòran, ó sì ní ẹgbẹ́. Ní 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn ọ̀daràn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́nà àìtọ́, wọ́n ń tà á káàkiri. Owó tí ì bá wọlé fún un di ti ẹlòmíràn, gbèsè sì ṣẹ́ sí i lọ́rùn. Òfin kópíráìtì ti wà láti 1970, ṣùgbọ́n kò sí àjọ kankan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú un ṣẹ. Ààrò méjì kò lè gbé ìkòkò dúró.

Òfin tuntun jáde ní 1988, àjọ tí ń mójú tó o sì dìde ní 1989. Lónìí, Òfin Kópíráìtì ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó gba ti íntánẹ́ẹ̀tì rò. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, olórin àti ayàwòrán wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, fún àǹfààní àwọn ọmọ rẹ̀. Oníṣẹ́-ọnà kò sì lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn àfi nípa ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́: òfin kò lè gba ẹni tí kò ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ sílẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ òṣèré bí ANTP, tí Ògúndé jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, fi ṣe pàtàkì. Ohùn ẹgbẹ́ máa ń dé ibi tí ohùn ẹnì kan kò lè dé.

Ohun tí Ó Kan Olùkọ́

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ láti yàwòrán tàbí láti ké ewì ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì ni kí ọmọ náà mọ bí a ṣe ń dá iye lé iṣẹ́, bí a ṣe ń kọ ìwé àdéhùn olójú-ìwé kan, bí a ṣe ń kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀, àti bí a ṣe ń tọ́jú owó ìgbà ọ̀pọ̀ de ìgbà ọ̀dá. Eré ìparí ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́ dára fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ta ìwé ìwọlé, kí wọ́n fi àdéhùn pín iṣẹ́, kí wọ́n sì jíyìn owó. Ó tún yẹ kí a pe onílù, aláró tàbí òṣèré àdúgbò wá sí kíláàsì, kí ọmọ rí ẹni tí ń fi iṣẹ́ náà bọ́ ilé rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò yìí kò sọ pé ìbẹ̀rù òbí jẹ́ asán. Ohun tí ó sọ ni pé ebi kì í pa oníṣẹ́-ọnà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́. Àìpé ààrò ni ó ń da ọbẹ̀ rẹ̀ nù. Ògúndé to òǹwòran rẹ̀ kí ó tó fi owó oṣù sílẹ̀. Ládípọ̀ sọ ilé rẹ̀ di ti gbogbo ènìyàn. Àdánù Baba Sàlá sì kọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e pé iṣẹ́ tí a kò fi òfin dè, ẹni ẹlẹ́ni ni yóò jẹ ẹ́. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní sọ fún ọmọ mọ́ pé kí ó lọ wá iṣẹ́ gidi. Yóò bi í pé, mélòó nínú ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti tò?