Gáàsì AC kì í tán bí epo: ohun tó ń mú inú ọkọ̀ Tòkunbọ̀ gbóná ní Òrè

Gáàsì inú AC ọkọ̀ kì í tán bí epo bẹntiróòlù ṣe ń tán. Èyí tí wọ́n rọ sí i nílé iṣẹ́ ló yẹ kó ṣì máa lò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì yẹ kó dín. Bí ẹni tó ń wakọ̀ láti Òrè sí Òkìtìpupa bá wá ń rọ gáàsì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ọkọ̀ rẹ̀ kò jẹ gáàsì o. Ó ń jò ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí gáàsì náà ń ṣe. Bí nọ́ọ̀sì bá fi sípírítì nu apá èèyàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́, ibẹ̀ á tutù wìnnì, torí pé bí sípírítì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru ara lọ. Iṣẹ́ kan náà ni gáàsì ń ṣe nínú kọ́ọ̀lì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. R-134a tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tòkunbọ̀ ń lò máa ń hó ní ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius bí a bá tú u síta gbangba, nítorí náà ooru inú ọkọ̀ tó láti mú un hó. Kọ́mpúrẹ́sọ̀ á wá fà á, á fún un pọ̀ títí á fi gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, á sì tì í sínú kọ́ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀. Ibẹ̀ ni á ti ju ooru tó kó sílẹ̀, tí á sì padà di olómi. AC kò dá òtútù kankan. Ooru ló ń kó láti inú síta.

Ẹni tó bá mọ èyí lè fúnra rẹ̀ fura sí ibi tí àìsàn wà kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí AC bá tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Bìní, tó wá gbóná gbàrà tí ọkọ̀ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní oríta Òrè, ẹ má sáré sọ pé gáàsì ni. Ó ṣeé ṣe kí fáànù iwájú má yí dáadáa, tàbí kí erùpẹ̀ ti dí kọ́ńdẹ́ńsà pa. Lágbègbè tí ọkọ̀ agégẹdú ti ń tú eruku láràárọ̀, kọ́ńdẹ́ńsà kì í pẹ́ dí. Omi tí kò le jù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, torí pé irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kò ju bébà lọ ní nínípọn.

Tó bá jẹ́ pé ó ń jò lóòótọ́, òróró ló máa tú àṣírí. Òróró kọ́mpúrẹ́sọ̀ kò ní ọ̀nà tirẹ̀, gáàsì ló ń bá rìn, ó sì máa ń bá a jáde níbi tó bá ti ń jò. Ẹ wo oríkèé páìpù àti iwájú kọ́mpúrẹ́sọ̀. Bí ibì kan bá dúdú, tó rin, tí eruku lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbẹ, ẹ fi omi ọṣẹ sí i kẹ́ ẹ wò ó bóyá á hó. Lára Sienna, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, torí pé páìpù AC ẹ̀yìn gba abẹ́ lọ, ẹrẹ̀ sì máa ń jẹ ẹ́. Òróró yìí náà ló fà á tí mo fi ń sọ pé jíjò kékeré ló pa ọ̀pọ̀ kọ́mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ń pè ní àgbà ti dé sí. Gáàsì dín, òróró kò padà dé, irin ń ha irin.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dí ibi tó jò, fákúùmù ló kàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó wọn gáàsì tuntun sí i. Omi tó bá ṣẹ́kù á dì sójú ihò tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá, á sì tún máa dá èròjà kíkan tó ń jẹ irin sílẹ̀. Àwọn kan máa ń fo iṣẹ́ yìí nítorí pé oníbàárà kò rí i. Ayédèrú gáàsì tún wà lọ́jà. Ní 2011, àpótí ẹrù amúdì bú gbàmù ní Vietnam àti Brazil, èèyàn 3 kú, irú gáàsì àfidípò bẹ́ẹ̀ tó bá alumíníọ́ọ̀mù jà ni wọ́n rí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí àpò awakọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́, irú èyí tó jáde ṣáájú nǹkan bí 1994, R-12 ni wọ́n ń lò, gáàsì tó ń ba ìpele ozone jẹ́, tí Àdéhùn Montreal ti 1987 sì lé kúrò lọ́jà. R-134a tó rọ́pò rẹ̀ kò fọwọ́ kan ozone, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná tó ìlọ́po 1,430 ti èéfín carbon dioxide. Ọkọ̀ kékeré ń gba nǹkan bí 600 gíráàmù. Kí ìyẹn tú dànù lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó èéfín tó ń jáde bí èèyàn bá jó bẹntiróòlù lítà 370. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ṣe àtúnṣe Àdéhùn náà ní Kigali ní 2016. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2018, wọ́n sì máa dín irú gáàsì yìí kù ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2029, títí á fi di ìdá 80 ní 2045.

Ó wá ku ilẹ̀kùn, tí ọ̀pọ̀ kì í rò mọ́ ọ̀rọ̀ AC rárá. Ilẹ̀ igbó ni Òdìgbò, ìjọba ìbílẹ̀ tí Òrè wà, ọ̀rinrin kì í wọ́n nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Omi tó ń kán tó-tó lábẹ́ ọkọ̀ bí AC bá ń ṣiṣẹ́, inú afẹ́fẹ́ yẹn ni AC ti fà á yọ, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ooru tí AC ń kó kí lítà omi kan tó kán sílẹ̀ tó láti mú kílò 240 afẹ́fẹ́ gbígbẹ tutù sí i ní ìwọ̀n 10, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí kílò 4 lọ. Bí rọ́bà ilẹ̀kùn bá ti gbẹ tó sì ya, afẹ́fẹ́ tútù ń jáde, olómi ń wọlé, AC ò ní sinmi láé.

Ẹ fi owó bébà kan há ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ sì fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìfi ọwọ́ le, rọ́bà ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kẹ́ ẹ gbé ìparí rẹ̀ sókè díẹ̀. Bó bá ń mì lọ sókè sódò, píìnì àti búùṣì irin tó so ó mọ́ ọkọ̀ ló ti jẹ. Ìyẹn ni kí wọ́n pààrọ̀. Ohun tí àwọn pánẹ́ẹ̀bítà kan máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi òòlù sún irin kékeré tí ilẹ̀kùn ń kọ́ lára òpó wálẹ̀, kí ó lè bá ilẹ̀kùn tó ti rọ̀ mu. Ó á pa dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà òkè kò ní fi ara kan irin mọ́. Bí wọ́n bá tú inú ilẹ̀kùn nítorí gíláàsì tí kò gòkè, ẹ rí i pé wọ́n dá ọ̀rá ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù padà, torí pé bí kò bá sí i, òjò á gba ibẹ̀ ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ti Sienna yàtọ̀, torí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ orí róólà ló ń rìn. Ní 2016, Toyota pe Sienna tó lé ní 740,000 padà ní Amẹ́ríkà, àwọn tó jáde láàárín 2011 sí 2016, nítorí pé ilẹ̀kùn oníná wọn lè ṣí lójú eré. Ẹni tó bá ń fi irú rẹ̀ kó èrò, kó bi ẹni tó tà á fún un bóyá wọ́n ti ṣe àtúnṣe náà.

Kí ẹ tó sanwó gáàsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tó ń jò hàn yín. Ẹni tí kò bá ní géèjì àti fákúùmù, ẹ má gbé ọkọ̀ yín fún un.