Yàrá Kan Tí Ó Ṣófo Nínú Ilé Bàbá

Ní ìlú wa Àjọwá-Àkókó, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ilé àgbà kan tí kò ní yàrá tí a tì pa. Bàbá kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín, nítorí ó rò pé gbogbo ọmọ òun ni yóò máa gbé inú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n kàwé, wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́, sí Ìbàdàn, sí Èkó, àwọn mìíràn sí òkè òkun. Ìgbà Kérésìmesì àti ìgbà Àjíǹde ni wọ́n ń wálé, bí wọ́n bá tilẹ̀ wá. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá wọn, àpò àgbàdo àti ẹ̀wà sì ti gba ipò ibùsùn.

Lójú ilẹ̀kùn irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan yóò dúró sí lọ́jọ́ kan, àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò béèrè bóyá a lè fún òun ní ibi tí òun yóò máa gbé, kí òun sì máa san owó.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Orúkọ ìlú wa pàápàá ń sọ ọ́: àwọn ìlú kéékèèké tí ó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó jùmọ̀ wá sí ojú kan, nítorí náà ni a fi ń jẹ́ Àjọwá. Ọmọ àwọn tí ó ti di ẹrù wọn rí ni gbogbo wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, a fi ìkánjú kọ́ ilé ìwé, ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ a kò rántí pé olùkọ́ náà yóò sùn. Inú ilé àwọn ará ìjọ ni a pín wọn sí. Láti ọdún 1973 ni àwọn àgùnbánirọ̀ ti tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1999, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a wá ń pè ní Adékúnlé Ajásin láti ọdún 2004 kó kúrò ní Adó-Èkìtì, lẹ́yìn tí a ti dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996, ó sì wá tẹ̀dó sí Àkùngbá. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Àkùngbá, àti àwọn ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà tí ó wà nítòsí wọn, ti mọ̀ pé yàrá lè so èso bí igi kòkó. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àgùnbánirọ̀ àti àwọn alágbàṣe tí ń kọ ebè ni ó sábà máa ń béèrè.

Ìwé Mímọ́ sọ fún wa nípa obìnrin ọlọ́rọ̀ ará Ṣúnémù, ẹni tí ó ṣe yàrá kékeré fún Èlíṣà, tí ó sì gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà sínú rẹ̀. Lóòótọ́ obìnrin náà kò gba owó. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù gbé ọdún méjì nínú ilé tí ó fi owó ara rẹ̀ gbà ní Róòmù, kò sì sí ibi tí a ti kà pé onílé náà ṣẹ̀. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan síi: obìnrin ará Ṣúnémù náà kò fi àpò àgbàdo sí igun yàrá wòlíì.

Mo ní ìdí tí mo fi sọ èyí. Àgbàdo a máa pe eku, eku a sì máa gbé àrùn wá. Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìsìn nínú ilé ìwòsàn àwọn ìjọ ní Lásà, ní ìhà Bọ̀rnó, ṣàìsàn ibà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. A gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Láti inú ọ̀ràn rẹ̀ ni ayé ti mọ ibà Lásà. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù lọ ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ ni ó ń kó ìpalára bá ènìyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí wà lára àwọn ibi tí ibà náà ń jà jù, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, kí a tó fi àlejò sí yàrá tí ó ti jẹ́ àká, a gbọ́dọ̀ kó gbogbo oúnjẹ jáde, kí a rọ àgbàdo sínú agolo tàbí garawa tí ó ní ìdérí, kí a fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò ẹsẹ̀ ògiri. Kí a má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ tí eruku yóò fi bo ojú wa. Omi tí a pò mọ́ oògùn apakòkòrò ni kí a kọ́kọ́ fi rin ín, kí a sì fi àkísà nù ún.

Kí a wo abẹ́ ibùsùn pẹ̀lú. Nínú ilé àgbẹ̀ púpọ̀ ni ìgò oògùn kòkó àtijọ́ ti ń dúró de ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Gammalin 20 tí àwọn bàbá wa fi ń fín kòkó, ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ara àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe odò ni a ń da á sí, nítorí ẹja yóò kú, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹja náà yóò gbà nínú rẹ̀. Ẹ dé ìgò náà pa, ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń sùn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ní Òkè-Àgbè bí a ó ti ṣe é.

Ní ti fèrèsé, ohun tí a ti ń sọ tipẹ́tipẹ́ nínú ìwé yìí kò yí padà: ikọ́ ife àti yírùnyírùn fẹ́ràn yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Ṣùgbọ́n ewu tí àwọn bàbá wa kò mọ̀ ni ti ẹ̀rọ iná tí ń mu bẹntiróòlù. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ẹni tí ó bá ń mí in nígbà tí ó ń sùn kò ní jí láti sá. Bí ayálégbé yín bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó má ṣe gbé e sí abẹ́ fèrèsé, kí ó má sì ṣe tàn án sùn. Ẹ̀yìn ilé pátápátá ni ibi tirẹ̀. Bí ó bá sọ pé olè yóò gbé e, ẹ sọ fún un pé ẹni tí a jí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé yóò jí láti ké.

Bí a bá ti tún yàrá náà ṣe tán, ìbéèrè tí ó kù ni èyí tí ó ń tú ilé ká: yàrá ta ni?

Èmi pàápàá ti rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá wa, ìyá wa fi yàrá ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tí ó ń gbé Èkó, fún olùkọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Owó ọdún kan ni ó san, ìyá sì fi í ra páànù dípò èyí tí ìjì ti ṣí lẹ́yìn ilé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé páànù tuntun yóò sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú Kérésìmesì pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó bá àgádágodo àjèjì lára ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò fi jáde. Ó ní, “Ìyá mi, ṣé ilé bàbá wa ti di ọjà ni?” Olùkọ́ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Kò dúró kí a lé òun. Ó di ẹrù rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà nínú ọyẹ́, ó sì lọ sùn lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìjọ. Oṣù mẹ́rin péré ni ó ti lò nínú ọdún tí ó san owó rẹ̀. Ìyá wa kò lọ sí ìsìn Kérésìmesì ní ọdún náà.

Ní ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n wa nìkan ni mo dá lẹ́bi. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn lò ó ní ìlòkulò ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ ni ó jogún ilé, gbogbo wọn lápapọ̀, obìnrin àti ọkùnrin. Opó ní ibùgbé nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó lé e jáde. Ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ ní Èkó dá ẹjọ́ kan tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní ti Lewis àti Bankole, lórí ohun ìní ìdílé, àwọn adájọ́ sì ti ń tọ́ka sí i títí di òní. Ohun tí a kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ẹnìkan kò lè dá nìkan ṣe ohun tí ó wù ú sí ilé ẹbí. Pé ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀, láti wọlé kí ó sì jáde, láti sọ tirẹ̀ nínú ìṣàkóso rẹ̀. Àti pé bí owó bá wọlé láti ara ilé náà, tí ó sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó tí ó tọ́, gbogbo wọn ni ó ní ìpín níbẹ̀. Nítorí náà ìyá wa ìbá ti pe àwọn ọmọ àti àbúrò bàbá wa kí ó tó gba owó. Bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ilé náà, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹ̀gbọ́n wa kò kan olùkọ́ náà. Ẹni tí ó ti san owó, tí a sì ti gbà á wọlé, òfin ni a fi ń mú un jáde. Bí oṣooṣù ni ó ń san owó, a ó fún un ní ìwé oṣù kan. Bí ó bá jẹ́ ọdọọdún, oṣù mẹ́fà, àfi bí àdéhùn wọn bá sọ òmíràn. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje, kí onílé tó lọ sí ilé ẹjọ́. Kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti yọ ilẹ̀kùn, láti ṣí páànù tàbí láti kó ẹrù ẹlòmíràn sójú òjò. Mo ti rí àwọn onílé, tí wọ́n jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, tí wọn kò mọ èyí rárá.

Àwọn kan ń wí pé àwọn kì yóò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá sí ilé, ìbáà ṣe Ígbírà tàbí Ìgèdè, bí ó ti wù kí ìwà rẹ̀ dára tó. Kí wọ́n rántí ohun tí ojú àwọn ọmọ wa rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, tí ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀ ní ọdún 1922, rí bí àwọn onílé ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Áfíríkà tí ó ní owó lọ́wọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ WASU sílẹ̀ ní ọdún 1925, ní ọdún 1933 wọ́n sì ṣí ilé tiwọn ní Camden kí àwọn ọmọ wa lè rí ibi sùn. Ọdún 1968 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìwà ni kí a béèrè, àti ibi iṣẹ́, àti ẹni tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́.

Àdéhùn tí a bá ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan: iye owó, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò ti dáná, wákàtí tí a ń ti ẹnubodè, ẹni tí ń gbá ilé ìyàgbẹ́. Ẹ fún un ní ìwé ẹ̀rí owó. Bí owó ọdún kan bá jẹ́ N60,000, kí ó má ṣe dà bí owó kòkó tí a fi ń ra aṣọ ẹbí. N5,000 ni lóṣù, ó sì yẹ kí ìdá kan nínú rẹ̀ padà sí ara ilé náà.

Ní ilé tiwa, àbúrò bàbá wa pe gbogbo wa jọ ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun. Ìyá gbé ìwé ẹ̀rí páànù jáde, ẹ̀gbọ́n wa sì kà á lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Òun ni ó san owó oṣù mẹ́jọ padà fún olùkọ́ náà láti inú àpò ara rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gba yàrá ní ibòmíràn, kò sì padà. Ọdún kejì ni a tó tún fi yàrá náà sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí gbogbo àwọn ọmọ fọwọ́ sí. Nọ́ọ̀sì kan ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Bí Kérésìmesì bá dé, pálọ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ń tẹ́ ẹní sí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ ìyá ń wú, ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀; láti ọjọ́ náà, ní àràárọ̀ Sátidé, ìyá a máa gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, a sì na apá rẹ̀ sílẹ̀ dè é.