Àwọ̀ Katapílà Àtijọ́ àti Ọ̀dà Inú Agolo

Ẹ̀sùn tí àwọn tó ń tún katapílà àtijọ́ ṣe ń fi kan ọ̀dà afínfín inú agolo jù lọ ni pé àwọ̀ orí ìdérí agolo kì í bá àwọ̀ tó gbẹ sára irin mu, àti pé ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín máa ń yàtọ̀ gedegbe sí ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn. Agolo lè jẹ̀bi nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹni náà ti mú àpẹẹrẹ àwọ̀ ni kò dára.

Ohun méjì ló ṣe kókó nínú ọ̀dà tó ti gbẹ: ìyẹ̀fun tó fún un ní àwọ̀, àti oje tó so ìyẹ̀fun náà pọ̀ mọ́ irin tó sì mú un dán. Ìtànṣán oòrùn a máa fọ́ oje yìí díẹ̀díẹ̀, títí tí ìyẹ̀fun kò fi ní rí ohun dì í mú mọ́, débi pé ẹni tó bá fi ìka nu ìbòrí ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ ní gbangba yóò rí i pé ó kun òun lọ́wọ́ bí ẹfun. Àwọ̀ tó ti ṣá ni ìyẹn, ẹni tó bá sì gbé e lọ fún olùpo ọ̀dà yóò gba ọ̀dà tó bá ṣíṣá mu, tí kò bá ẹ̀rọ mu. Ibi tí oòrùn kò dé ló yẹ kí a wò, bí abẹ́ àga awakọ̀ tàbí ẹ̀yìn páálí irin tí a tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ọṣẹ àti omi sì ni kí a fi fọ ọ́, nítorí tínà lè yọ́ àwọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n náà dànù.

Ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà tún ṣe pàtàkì. Àwọ̀ eérú ni ilé iṣẹ́ Caterpillar ní Amẹ́ríkà ń kùn títí di oṣù Kejìlá ọdún 1931, tí wọ́n fi bọ́ sí ìyeyè tí wọ́n pè ní Hi-Way Yellow. Ní 1979, wọ́n tún fi ìyeyè mìíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, agolo tí wọ́n kàn kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí lára kò tó, àfi kí a kọ́kọ́ fi nọ́ńbà ara ẹ̀rọ wá ọdún rẹ̀.

Ìyeyè kì í sì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lórí ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa, yóò fà sí àwọ̀ ọsàn. Lórí eérú, yóò ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tó bá yí ọ̀dà ìpìlẹ̀ padà láàárín iṣẹ́, kí ó má bínú sí agolo. Ìyẹ̀fun wúwo, ó sì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù kékeré fi wà nínú agolo, tí ó sì yẹ kí a máa mì ín fún bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Àwọn atúnṣe kan wà tó ń fín ọ̀dà sórí gírísì àti ìpẹtà, kí ẹ̀rọ lè máa dán títí olówó yóò fi sanwó. Ìwà ìrẹ́jẹ pátápátá ni, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ú lọ ni bí wọ́n ṣe ń fi sánpépà ha ìyeyè àtijọ́ ní gbígbẹ láìbo imú. Òjé ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìyẹ̀fun ìyeyè ìgbà yẹn, òfin tí Amẹ́ríkà fi lé òjé kúrò nínú ọ̀dà ilé ní 1978 kò sì kan ọ̀dà àtúnṣe ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí wọ́n fi omi ha á, kí wọ́n lé àwọn ọmọ iṣẹ́ kéékèèké sẹ́yìn, kí wọ́n má sì wọ aṣọ iṣẹ́ náà délé. Agolo tí a ń tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí hádínà, ìyẹn èròjà tó ń mú ọ̀dà le, lè pò mọ́ ọ̀dà tún léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tàbí ìbomú ìwé kò lè dá èéfín rẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá ní ìbomú tó ní àsẹ́ gáàsì, kí ó ra ọ̀dà tí kò ní hádínà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní le tó o.